Kí Ni Akọ̀wé Ń Fi Ogún Ẹ̀kọ Ṣe?

Ilé wa ní Òkè-Àdó, yàrá méjìlá ni, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, gbogbo wọn kọjú síra wọn. Ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan. Níbo ni àṣírí fẹ́ jókòó sí? Bí ẹnì kan bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ará yàrá ìkẹyìn ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé gan-an ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, nítorí ìmọ́lẹ̀ o, ẹ má fi ojú burúkú wò mí. Iná tí wọ́n ń mú lọ mú bọ̀ yìí, ta ló fẹ́ fi ki okùn bọ abẹ́rẹ́? Bí mo ṣe wá jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó wọlé tí mi ò rí, kò sẹ́ni tó jáde tí mi ò kí. Bí ẹnì kan bá sì fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ agbádá, èmi tí mo rán agbádá náà mọ bó ṣe yẹ kó balẹ̀. Mo ti ní kí Alàájì Láńlọ́ọ̀dù máa yọ owó ọdẹ kúrò nínú owó ilé tí mò ń san. Kò tíì fèsì.

Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 2021 ló kó dé, nígbà tí kòrónà ń rọlẹ̀, táwọn èèyàn ṣì ń so ìbòmú mọ́ àgbọ̀n. Yàrá méjì ló ṣófo. Ọ̀kan wà níwájú, ó ní fèrèsé méjì, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Èkejì wà lẹ́yìn, nítòsí ilé ìdáná, níbi tí èéfín ń gbà kọjá, ó sì kọjú sí yàrá Ìyá Ẹlẹ́kọ gan-an. Owó kan náà ni wọ́n. Akọ̀wé yọjú wo ti iwájú, ó mi orí, ó ní tẹ̀yìn lòun fẹ́. Nílùú Ìbàdàn, nínú ooru oṣù kẹta! Mo wo Ìyá Ìbejì tá a jọ ń gbé ilé, òun náà wò mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹrù rẹ̀ kò kún inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá: bẹ́ẹ̀dì onírin kan, rédíò kan, sítóòfù kan, àti àpótí páànù kan tó ní àgádágodo. Ẹ fi àpótí yẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe nígbà náà. Ọ́fíìsì wo ni? Ẹ fi mí sílẹ̀, mò ń ránṣọ fún àwọn kan níbẹ̀. Rẹ́jísírì ló wà, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ìwé tó bá wọlé, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tó fẹ̀ ju àtẹ oníyọ̀ lọ, wọ́n á wá fáìlì tó ni ín, wọ́n á dá ihò sí i létí, wọ́n á fi okùn tágì so ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mẹ́sẹ́ńjà á gbé e lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá á kọ gbólóhùn kan sí i, á fọwọ́ sí i, á tì í sí ọ̀gá mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá wù ú gbọ́, á kọ KIV síbẹ̀, pé kí wọ́n ṣì máa wò ó ná, fáìlì á lọ máa sùn. Ọdún 1989 ni Akọ̀wé ti wọ iṣẹ́ ìjọba, kò sì jáde mọ́. Bó o bá dárúkọ èèyàn fún un, nọ́ńbà fáìlì onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ rántí.

Ẹni tó bá ń bá ìwé gbé báyìí, ẹnu rẹ̀ á máa wúwo. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó ti jáde, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì pupa tó ti ṣá. "Ẹ káàárọ̀ o." Ó parí. Kò sì wojú ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ló ń kí. Nírọ̀lẹ́ á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á tan rédíò, á pa rédíò. Kò sí àlejò, kò sí ariwo, kò sí ẹni tó ń pè é lórí fóònù àfi àwọn tó ń ta dátà. Nígbà tí Ìyá Ìbejì bí ìbejì ẹ̀ẹ̀kejì (obìnrin yẹn gbìyànjú, ẹ bá mi kí i), gbogbo ilé ló jókòó sábẹ́ kánópì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Akọ̀wé fi owó sínú àpò ìwé, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọn wọlé, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé! Ta ní ń lọ sí iṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ Sátidé?

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ìtàn mẹ́ta ni mo gbọ́. Ìyá Ìbejì ní ó ti kú. Ọmọ Alágbàfọ̀ inú ilé wa ní ó wà ní Kánádà, nítorí lójú ọmọ yẹn, gbogbo ẹni tí kò sí nílé, Kánádà ló wà. Ìyàwó Alàájì, tó mọ ẹni tó bá wọn gbé ní Mọ́niyà, ní obìnrin náà jí lọ́jọ́ kan, ó dáná, ó fọ abọ́, ó gbálẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ṣàgámù. Kò padà. Wọ́n ní ohun tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pé ó ti sú òun láti máa bá ògiri sùn. Tìyàwó Alàájì yìí ni mo gbà gbọ́, nítorí abọ́ tó fọ̀. Ẹni tí inú ń bí kì í fọ abọ́ kó tó lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú pátápátá ló ń fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ n wá kan Ìyá Ẹlẹ́kọ. Opó ni, ọmọ Ẹdẹ, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti wà nílé wa láti ayé bàbá Alàájì. Kò sí ẹni tí kò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ lágbègbè wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni àgbàdo ń wà nínú omi lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń pààrọ̀ omi náà, kì í ṣe bíi ti àwọn tó ń fi omi kan ṣoṣo rẹ ẹ́ títí á fi máa rùn. Bó bá lọ̀ ọ́ tán, á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó silẹ̀ di ìdájí. Aago mẹ́rin, ìkòkò ti wà lórí iná, á máa fi omorogùn rò ó, tí ọwọ́ kan á máa tì, tí ọwọ́ kejì á máa fà, títí ẹ̀kọ á fi máa mí fùú. Á fi ìgbakọ bù ú sínú ewé eéran, á ká etí ewé wá, á tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dúró. Wọ́n ní kó máa lo ọ̀rá nítorí ewé ti wọ́n. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọ̀rá, kó lọ jẹ báàgì omi tútù.

Ohun kan ni obìnrin yìí kì í fi ẹnu kàn: dòdò Ìkirè. Bí ẹnì kan bá ti ìrìn àjò dé, tó pín in kárí ilé, á ní ẹ ṣeun, á sì gbé tirẹ̀ fún ọmọdé. A rò pé eyín rẹ̀ ni.

Ó wá di ìgbà wàhálà owó tuntun. Ẹ ò lè ti gbàgbé. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n ní bó bá di ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023, ti àtijọ́ di bébà. Ọjọ́ pé, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Àtijọ́ lọ, tuntun ò dé. Àwọn kan sùn sí ẹnu ọ̀nà báǹkì, àwọn kan bọ́ra sílẹ̀ nínú báǹkì, àwọn oní-POS ń ta owó lówó, kó o san owó gọbọi kí wọ́n tó fún ọ ní owó ara rẹ. Èmi lówó nínú fóònù, ebi sì ń pa mí níwájú ẹ̀kọ! Fóònù Ìyá Ẹlẹ́kọ, èyí tó ń tan tọ́ọ̀ṣì ni, kò mọ ohun tó ń jẹ́ tiráńsífà. Ẹni tó bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ìyá á ní, "Ó dáa, èmi náà ti fi ẹ̀kọ ránṣẹ́, lọ máa retí rẹ̀." Ọjà dúró. Ẹ̀kọ ń sùn mọ́jú. Mo rí i tó jókòó ti ìkòkò, tó ń ṣí ewé wò ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ń kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Akọ̀wé dúró níwájú rẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ mi dákẹ́.

"Ẹ fún mi ní ogún."

"Ogún náírà? Ẹ̀kọ kan, 50 ni."

"Ogún ẹ̀kọ, mà."

Ó ka owó sí i lọ́wọ́, 100 náírà mẹ́wàá. Owó gidi, owó bébà! Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ yẹn kò kan 100 náírà sí ìsàlẹ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó di góòlù. Ó kó ogún ẹ̀kọ sínú báàgì Gáná-mọ́sì-gò kékeré, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, ogún. Lọ́jọ́ kẹta, ogún. Gbogbo ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lára owó yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi bírò pupa kọ "Ṣadé dá mi lóhùn" sí. Láàárọ̀ mo rí Ṣadé lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Lọ́sàn-án ó ti dé ọ̀dọ̀ aláta. Nírọ̀lẹ́ aláta fi san mí lówó ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ tí mo gbà wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo fi ra ẹ̀kọ, Ṣadé ti padà délé. Èèyàn méjìlá ni owó kan ṣoṣo yẹn bọ́ lóṣù yẹn, mi ò sì mọ̀ títí dòní bóyá ó dá ẹni náà lóhùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin kan ṣoṣo, tó gbẹ, tí táì ń yí po lọ́rùn, ń fi ogún ẹ̀kọ ṣe lójúmọ́? Níbo ló sì ti ń rówó nígbà tí gómìnà gan-an ń wá a? Mo kàn sọ fún Ìyá Ìbejì pé irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀, ejò ńlá nìkan ló lè jẹ ẹ́. Àsọdùn lèmi sọ. Ìyá Ìbejì gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó ti di pé Akọ̀wé ń sin ejò. Kó tó di alẹ́, ejò yẹn ti ń pọ owó. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sì bára mu! Ejò jẹ ẹ̀kọ, ejò pọ 100 náírà, inú àpótí páànù ló ń gbé. Ọmọ Alágbàfọ̀ búra pé òun gbọ́ tó ń fọn. Rédíò ni, bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ.

Ọ̀rọ̀ ì bá má le tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Inú mi ń run mí lóru ọjọ́ kan, mo dìde. Akọ̀wé wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ó gbé e sókè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wọlé lọ. Inú rírun tèmi gan-an dá.

Ọjọ́ kejì ìdìbò ààrẹ, ìyẹn ọjọ́ 26 oṣù kejì 2023, yíǹkì ṣì wà lára àtàǹpàkò gbogbo wa, ni Alàájì pe ilé jọ. Wọ́n ní kí Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn. Alàájì wà níwájú pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, Ọmọ Alágbàfọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá, Ìyá Ìbejì gbé omi gbígbóná lọ́wọ́, wọ́n ní ejò ò fẹ́ ẹ. Èmi mú sísọ́ọ̀sì mi dání nítorí ó ti wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ nìkan ni kò dá sí i, ó ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó kàn ní kí wọ́n má pa ejò náà síbi oúnjẹ òun.

Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn. Ó wo àdá, ó wo omi gbígbóná. Kò bínú. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, ẹ̀rín músẹ́ kan fẹ́ wá sí i lẹ́nu, àfi bíi pé ó ti ń retí pé kí ẹnì kan wá. Ó ní, "Ẹ wọlé." Mi ò rò pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn rí.

Ó fa àpótí jáde, ó ṣí i. Ọmọ Alágbàfọ̀ fò sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ejò. Ìdìpọ̀ 100 náírà wà níbẹ̀, Akọ̀wé ní òun ń kó o pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí òun ò rí ohun ra. Ẹ gbọ́ nǹkan! Lábẹ́ owó, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rọ́bà dè, fáìlì kan wà. Fáìlì àtijọ́, aláwọ̀ ilẹ̀, aáyán ti jẹ etí rẹ̀, irin orí okùn tágì rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì ti yí lára ìwé. Akọ̀wé ṣí i pẹ̀lú ìka méjì, díẹ̀díẹ̀, ó ń tú ewé kan kúrò lára èkejì. Lójú ewé kan, fọ́tò kékeré kan wà tí wọ́n fi pínnì há síbẹ̀: ọ̀dọ́kùnrin kan, ó kọ ilà, ó dé fìlà, kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ti wọlé sẹ́yìn wa, ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ràmọ́tà nìyẹn."

Ẹ jẹ́ n mí.

Ọkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ni, awakọ̀ katakata ìjọba. Àwọn ni wọ́n ń wó igbó, tí wọ́n ń la ọ̀nà. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991 ló fẹ̀yìntì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wá wà lẹ́nu ṣíṣe. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Babangida dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: ọmọ Ọ̀ṣun tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n ní kó gbára dì kó máa lọ sí Òṣogbo. Àwọn tọkọtaya wà tí ọ̀kan jẹ́ ti ibí, tí ìkejì jẹ́ ti ọ̀hún. Wọ́n ń pín òṣìṣẹ́, wọ́n ń pín àga, wọ́n ń pín fáìlì, fáìlì sì kún ilẹ̀. Akọ̀wé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, wà lára àwọn tó ń ṣà á.

Bàbá Ràmọ́tà wá bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ní kó wá owó omi. Bàbá wò ó, ó ní, "Ọmọdé yìí, ọ̀nà tí o ń tọ̀ wá síbi iṣẹ́ yìí, èmi ni mo là á. Ṣé mo gba owó omi lọ́wọ́ rẹ?" Gbogbo rẹ́jísírì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tí Akọ̀wé ń fẹ́ kí wọ́n wo òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá lọ tán, ó ki fáìlì rẹ̀ bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó kọ sínú ìwé ńlá pé ó ti lọ sí Òṣogbo. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan lòun fẹ́ fi dá a lóró. Ọ̀sẹ̀ kan pé, wọ́n gbé òun alára lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ó sì ti ṣòro láti sọ. Ọdún kan kọjá, ó wá di ohun tí ẹnu kò lè gbé mọ́.

Bàbá ń lọ sí Òṣogbo. Wọ́n ní Ìbàdàn ló wà. Ó padà sí Ìbàdàn. Wọ́n ní Òṣogbo ni. Á wọ mọ́tò ní Ìwó Road, á gba Aṣèjìrè, á gba Ìkirè, á gba Gbọ̀ngán, á kọjá láàárín Ẹdẹ, ìlú rẹ̀, kò sì jẹ́ yà, nítorí ojú ń tì í kí wọ́n má bi í pé owó ńkọ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ ló wá sọ eléyìí fún wa níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó ní bó bá ń bọ̀, kì í jẹ́ kí ọwọ́ òun ṣófo, á ra dòdò ní Ìkirè, á gbé e fún òun, á ní, "Wọ́n ní kí n padà wá." Ọdún 1996 ló kú.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe eyín.

Lẹ́yìn ìsémọ́lé kòrónà, nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ọ́fíìsì, wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù, fáìlì jábọ́. Akọ̀wé ti padà sí rẹ́jísírì nígbà náà. Ó gbé e, ó kà á, àdírẹ́sì ilé wa ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ló gbé e wá. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí òun kó dé. Lọ́jọ́ kejì náà, ó fẹ́ sọ ọ́. Ọdún méjì ló fi ń fẹ́ sọ ọ́, ó ń sanwó ilé, ó ń kí ilẹ̀. Èmi ò mọ irú ìrònúpìwàdà tó ń sanwó ilé láìyanu sọ̀rọ̀, mo sì wí fún un lójú ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìnira rẹ̀ ni, mo gbà, àmọ́ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló ń gbé òdìkejì, tó ń gbé ìkòkò láago mẹ́rin ìdájí.

Ọmọ Alágbàfọ̀ bi í pé ẹ̀kọ wá ńkọ́. Ó ní àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ lọ́fíìsì àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì ni, pé ẹnikẹ́ni ò rówó jẹun, ó sì ń wá bí ọjà ìyá ṣe máa tà. Ó pín in fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n fi àkàrà kan sí i, wọ́n ní kó jẹun. Ó ní òun ti ń gba ẹnu géètì yẹn kọjá láti 1989, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun mọ̀ pé ọdẹ ibẹ̀ ní ìyàwó méjì. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n wá ń pè é níbẹ̀? Bàbá Ẹlẹ́kọ. Ìyàwó Alàájì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu.

Gbogbo wa ń wo Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò kan ilẹ̀kùn?"

"Mò ń gbìyànjú ni, mà."

Ó fi ìgbakọ gbá a léjìká lẹ́ẹ̀kan, gbá! Ẹ̀kọ gbígbóná ta sí táì pupa. Lẹ́yìn náà ó ní nǹkan ń jóná, ó bọ́ síta. Ó tán nìyẹn. Àwa tí a ti múra ẹkún sílẹ̀, a wá ń wo ara wa.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní owó àtijọ́ ṣì dára títí di òpin ọdún, ara wá ń rọ gbogbo èèyàn díẹ̀díẹ̀, àfi Akọ̀wé. Ìyá Ẹlẹ́kọ kọ̀, kò tà fún un mọ́. Á dúró láàárọ̀, owó lọ́wọ́. Ìyá á ta fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á ta fún ọmọdé, á ta fún ẹni tó fẹ́ ra àwìn. Á wá dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, "Mi ò tà." Kò ní bú u, kò ní lé e. Akọ̀wé á ní, "Ẹ ṣeun, mà," á lọ. Lọ́jọ́ kejì á tún dé. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta tẹ́tẹ́, mo pàdánù.

Ọjọ́ tí ọmọ tó ń bá a gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ ṣàìsàn ni nǹkan yí padà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo gbọ́ igbe: "Akọ̀wé! Wá gbé àgbàdo!" Ẹ wá wo ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so táì, tó ru bàsíà àgbàdo tútù, omi ń kán sí i lọ́rùn, ó ń sá lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin mọ bí ìlà ẹ̀rọ ìlọta ṣe máa ń rí: ìjà ata, ìjà ẹ̀wà, ẹni tó ní òun ti gbé abọ́ kalẹ̀ látàná. Bí o kò bá lẹ́nu níbẹ̀, wàá sùn síbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó padà ní aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù kan, mo gbọ́ ohùn kan láti ojú títì, "Ìyá Aláta, ẹ má gbé abọ́ mi sẹ́yìn o, èmi ni mo ṣíwájú yín!" Mo yọjú. Akọ̀wé ni! Ó wojú obìnrin náà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, tí lítà epo kan tó wà lábẹ́ 200 náírà fò kọjá 500. Owó ọkọ̀ Micra di méjì, ẹ̀kọ di 100. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òun àti àwọn agbálẹ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n á gba Mọ́kọ́lá, wọ́n á gba Dùgbẹ̀, wọ́n á gba Òkè-Bọ́là. Mo ń gbọ́ ariwo wọn kí n tó rí wọn.

Fáìlì ńkọ́? Ó gbé e padà, ó sọ ohun tó ṣe fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn, ó fèsì. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń ti fáìlì náà láti tábìlì kan dé ìkejì. Wọ́n ní kí ìyá lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ó lọ. Wọ́n ní kó mú ìwé ikú wá, ó mú un wá. Wọ́n ní kó wá kí wọ́n rí i lójú, ó lọ, ó gbé ẹ̀kọ dání, wọ́n rà á tán. Owó ò tíì jáde. Èmi ò sọ pé kò ní jáde.

Ìyá ń tà fún un báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń bá a yọ eéran, ó ń bá a gbọn aṣọ ìsẹ́ògì lálẹ́ Jímọ́ọ̀. Àwọn kan nílé yìí ti ní àwọn rí nǹkan. Ìyá Ìbejì ni mò ń bá wí. Obìnrin àádọ́rin ọdún ó lé! Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, mo sì ń ṣọ́ wọn.

Lọ́dún 2024, ọdún iṣẹ́ Akọ̀wé pé márùndínlógójì, òun náà kàn. Wọ́n ṣe sẹ́ńdì-ọ́ọ̀fù fún un, àwọn agbálẹ̀ da ankara, èmi ni mo rán an, mo sì jèrè. Ó kọ ìwé, ó fi sílẹ̀, ó ń retí. Oṣù kọjá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó jókòó sórí àpótí Ìyá Ẹlẹ́kọ láìtọrọ àyè. Ó ní ọmọ kékeré kan ló wà ní rẹ́jísírì báyìí, ọmọ tí òun kọ́ níṣẹ́. Ọmọ náà kò gbé ojú kúrò lára fóònù. Ó ní àwọn wá fáìlì Bàbá títí, àwọn ò rí i.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ń nu ewé lọ́wọ́. Ó nu ọ̀kan tán, ó mú òmíràn.

"Ó ti lọ sí Òṣogbo," ló wí.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ewé jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé wò ó, ó fẹ́ sunkún, ó tún ọ̀nà mìíràn gbà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí Ọmọ Alágbàfọ̀ sáré gbé omi wá.

Nígbà tó balẹ̀ tán, ìyá gbé ewé rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Bó o bá ń lọ, kó o bá mi ra dòdò bọ̀ ní Ìkirè. Kó o sì rí i pé ó pọ́n dáadáa."